Èjí Ìyá Àgbà Tó Lọ sí Tọ́kì

Bọ́tìnnì ni mo ń ṣà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Tọ́kì. Eku ti da àwo bọ́tìnnì méjì pọ̀ mọ́ra nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, oníhò méjì wà láàárín oníhò mẹ́rin, ti ṣẹ́ẹ̀tì wà láàárín ti kóòtù, èmi kì í sì í lè ta ọjà kankan títí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò fi tò. Mo jókòó sórí àpótí, mo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, mo ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí fóònù dún, tí mo rí i pé ìpè tí wọ́n ti ń rí ojú ara wọn ni, mo gbé e ti páálí òwú, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹnu ni mo rí. N ò rí ojú, n ò rí gèlè. Ẹnu nìkan ló kún ojú fóònù, eyín sì kún ẹnu náà.

"Wò ó!" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. "Ṣó o rí i?"

Mo rí i. Eyín náà funfun, irú funfun tí kì í bá ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ gbé. Wọ́n ga dọ́gba, wọ́n fẹ̀ dọ́gba, wọ́n tò bíi bọ́tìnnì tuntun tí wọ́n gán mọ́ páálí láti ilé iṣẹ́. Mo kí i kú oríire. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó fi jẹun pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá tẹjú mọ́ ọn, nítorí mo ti mọ ẹnu yẹn kí n tó mọ ìwé kà, mo sì rí i pé ohun kan kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èjí yín ńkọ́?"

Ẹnu náà pa dé. Ó gbé fóònù jìnnà díẹ̀, ojú rẹ̀ sì hàn sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ẹni tó ti ń sunkún ni.

"Wọ́n ti dí i. Má sọ fún Màámi, mo bẹ̀ ẹ́. Màámi ò gbọdọ̀ gbọ́ o."

Ẹni tí kò bá mọ ilé wa lè máa rẹ́rìn-ín pé nítorí àlàfo kékeré láàárín eyín méjì ni ìyá ọlọ́jà ṣe ń bẹ àbúrò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá tó bí Màámi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí Màámi ní oyún àkọ́kọ́ nínú. Obìnrin náà ní èjí. Wọ́n ní tó bá rẹ́rìn-ín lọ́nà odò, àwọn ọkùnrin tó ń lọ sóko á gbàgbé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé ayé lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí gbogbo Yorùbá máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn nìkan kò jẹ́ nǹkan, ilé wo ni kò ní irú orúkọ yẹn? Ìgbà tí eyín ọmọdé ká, tí ti àgbà hù, tí èjí sì yọ láàárín méjì iwájú lókè, níbi tí ti ìyá àgbà wà gan-an, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Màámi kúnlẹ̀ kí ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. "Ìyá mi" ló ń pè é. Tí àwa méjèèjì bá jọ fọ́ ìkòkò, èmi ni Màámi máa ń nà, nítorí ènìyàn kì í na ìyá ẹni.

Ní tèmi, eyín mi tò gún. Kò sí àlàfo níbẹ̀, kò sì sí ìtàn. Màámi á wò ó, á ní, "Tìẹ jọ ti bàbá rẹ," bí ẹni tó ń dárí jì mí.

Àwa méjèèjì ti dàgbà báyìí, Màámi sì ti ń gbé lọ́dọ̀ èmi àti ọkọ mi láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Yàtọ̀ sí àwọn ọmọ rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tó ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní ìyá rẹ̀, èjí sì ni ìwé ẹ̀rí. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

Eyín kan ló ń dùn ún tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá nísàlẹ̀ lápá òsì. Aṣọ fèrèsé ló ń tà ní Ìkòtún, ọjà ń lọ dáadáa, àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà nílé ọkọ. Mo ní kó jẹ́ kí n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín lójú ọ̀nà Ìgàndó. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ ra góòlù nínú wíìbáárọ̀.

"Ìgàndó? Kí n gbé ẹnu mi lọ sí Ìgàndó?"

"Ẹnu yín náà ni, Ìkòtún lẹ ti ń fi jẹun."

"Jàre, má dá mi lóhùn."

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan lójú ọ̀nà Ìpájà ló gbà lọ, àgẹ́ǹtì tó ń kó àwọn ènìyàn lọ ṣe eyín lókè òkun. Òkè ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ó gbé pátákó ńlá kan síwájú ìta, ẹnu obìnrin ló wà lára rẹ̀, ẹnu tí kò ní imú lókè tí kò sì ní àgbọ̀n nísàlẹ̀. Àgẹ́ǹtì náà fúnra rẹ̀ kò ní eyín kan níwájú. Ó ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun ráyè.

Ẹ̀gbọ́n mi ní eyín kan ló ń dun òun. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní, "Màmá, ta ló ń wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí eyín kan?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú ẹ̀gbọ́n mi. Eyín kan kò tó ẹrù. Gbogbo ẹnu ló kó lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n fi àwòrán ẹ̀rín hàn án, wọ́n ní kó mú èyí tó wù ú. Ó nawọ́ sí èyí tó funfun jù. Kò wá sí i lọ́kàn rárá láti sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan èjí. Ta ló ń jókòó síwájú onígbàjámọ̀ tó ń sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé etí mi? Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá yẹ ẹnu ènìyàn wò tó sì bá èjí níbẹ̀, yóò kọ́kọ́ kí ẹlẹ́nu. Lọ́hùn-ún, wọ́n rí i, àánú sì ṣe wọ́n. Obìnrin àgbà, tó wọṣọ tó mọ́, tó lówó lọ́wọ́, tí kò wá rí ẹni bá a dí ihò ẹnu rẹ̀ láti kékeré! Wọ́n fi ìfẹ́ dí i. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbé dígí fún un, dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì sì tò yí i ká, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé, "Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Gbogbo wọn ló dúró."

Àwọn tí wọ́n jọ lọ láti Èkó náà ṣe tiwọn. Ó ní nígbà tí wọ́n ń bọ̀, tí ẹni tó jókòó ti òun nínú ọkọ̀ òfuurufú bá rẹ́rìn-ín, ṣe ló ń ṣe òun bíi pé òun ń wo dígí. Eyín kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, bíi yunifọ́ọ̀mù.

Kí ó tó dé ni eyín tèmi náà fi gbé tirẹ̀ dé. Kókóró ni mo ń jẹ, kókóró lásán tí ènìyàn fi ń gbádùn ọ̀sán, mo gbọ́ "kàù", ìlàjì eyín ìjẹun mi kan sì wà lórí ahọ́n. Kò sí ẹni tó ní kí n wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo gbọ̀nà Ìgàndó lọ.

N kò ní sọ pé bíi ààfin ni ibẹ̀ rí. Wọ́n ní ká tètè dé, a tètè dé, dókítà kò tètè dé. Aṣọ́nà ló ń fún wa ní nọ́ńbà tí wọ́n gé lára páálí, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá sì wọlé, nọ́ńbà á yí padà. Tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, ètò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ dá lórí bí kíndìnrín ṣe ń bàjẹ́, a sì jókòó tì í, olúkúlùkù gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

Ọkùnrin kan jókòó tì mí, ó sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó so jákẹ́ẹ̀tì òtútù mọ́ ìbàdí nínú ooru yẹn. Ó ní Kánádà ni òun ti wá. Mo rò pé ìsìnkú ló wá ṣe, àbí ilẹ̀ ló wá rà.

"Eyín ni o, màdáámù," ó ní. "Lọ́hùn-ún, tí eyín bá ń dun ènìyàn, wọ́n á ní kó lọ gba ọjọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, eyín náà á ti bínú bọ́ fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá wá ráyè fọwọ́ kàn án, ohun tí wọ́n máa gbà, mo lè fi wọ ọkọ̀ wá síbí, kí n ṣe eyín, kí n kí ìyá mi, kí n tún jẹ iṣu."

"Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Ìkòtún wà ní Tọ́kì báyìí, sà. Nítorí eyín náà ni."

Ó yíjú sí mi. "Ìkòtún ló ń gbé, ó wá lọ sọ́hùn-ún?"

"Ẹ̀yin náà ń gbé lọ́hùn-ún, sà, ẹ wá sí Ìgàndó."

Ìyá kan tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ìborùn lẹ́yìn wa dá sí i. "Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti juwọ́ síra yín lójú sánmà nígbà náà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, gbogbo wa sì kérora, nítorí ẹ̀rín kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣeré nírú ibẹ̀ yẹn.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Àárín iṣẹ́ ni jẹnẹrétọ̀ kú. Ó fi ẹnu mi sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó ní kí n má bẹ̀rù, nítorí mo ti sọ iṣẹ́ mi fún un, ó bi mí níbi tí mo ti ń ra síìpù tí kì í tètè já. Mo fi ọ̀fun dá a lóhùn. Nígbà tí iná dé, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì wo ẹnu mi yíká.

"Eyín yín tò gan-an, mà," ó ní. "Irú èyí gan-an làwọn kan ń wá lọ sókè òkun."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdajì ètè mi ti kú. Láti kékeré ni mo ti ń wo èjí ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tí wọ́n fi ogún dù. Ó wá di pé òun ló fò kọjá òkun lọ fi ogún náà pààrọ̀ eyín tèmi, eyín tó jọ ti bàbá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, kò yọjú sílé wa. Lónìí ó ní àárẹ̀ ọ̀nà ni, lọ́la ó ní ẹrù dé láti èbúté. Lórí fóònù nìkan ló ti ń bá Màámi sọ̀rọ̀, irú ìpè tí kì í fi ojú hàn. Màámi á gbọ́ ọ, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá mi," á wá gbé fóònù padà fún mi, á sì wo fóònù náà díẹ̀ kó tó padà sídìí tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan ló wá yọ, ó fi ìbòmú di imú àti ẹnu. Ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ gbà wọlé, ó bá èmi àti ọkọ mi ní ilé ìdáná. Iṣẹ́ táìsì ni ọkọ mi ń ṣe, òun ló ń tẹ́ ilẹ̀ àti ògiri fún àwọn onílé tuntun láti Ìpájà dé Ṣáṣá. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí òun rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó tún fi ojú kan wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ó gún. N ò lè purọ́ mọ́ oníṣẹ́. Ó gún."

"Ẹ ṣé."

"Ṣùgbọ́n wọn ò fi àlàfo sílẹ̀. Táìsì tí kò bá ní àlàfo, tóòrùn bá mú, ṣe ló máa ń wú."

"Bá mi gbé ọkọ rẹ kúrò níwájú mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí fún mi, ó sì fa ìbòmú padà sókè.

Màámi wà ní pálọ̀. Ó na apá méjèèjì. "Ìyá mi! Ẹ kú àbọ̀ o. Àlùhámúdù. Kí lẹ fi di ẹnu?"

"Ọ̀fìnkìn ni, Màámi. N ò fẹ́ kó ràn yín."

"Ọ̀fìnkìn Tọ́kì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó le jù ti ibí lọ?"

"Ó le díẹ̀, mà."

Màámi ní kí n gbé àgbàdo sísun wá. Àgbàdo tuntun ti jáde, ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í fi àgbàdo ṣeré láti kékeré. Kò lè kọ̀ ọ́, kò sì lè ṣí ẹnu. Ó yíjú sí ògiri, ó ń ya àgbàdo náà lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ń tì í gba abẹ́ ìbòmú wọlé bí ẹni tó ń ti ìwé gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ mi dìde, ó ní òun fẹ́ wo bóyá omi ń yọ níta. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.

Màámi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bi í ní ìbéèrè tí kò nídìí. Ó bi í pé kí ló sè lánàá. Ó bi í pé ṣé ó ń sùn dáadáa, pé ṣé àwọn tó ń san owó díẹ̀díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń mú sùúrù bá a. Ẹ̀gbọ́n mi ń dáhùn, Màámi sì tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò tí kò mú ìkànnì dáadáa. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló fà á.

Nígbà tí mo sìn ín dé ìta, ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú.

"Tó bá rí i, kò ní pè mí ní ìyá rẹ̀ mọ́. Lójú ẹ, ọ̀rọ̀ eré ni, mo mọ̀. Wọn ò pè ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí."

Kò sọ ọ́ láti fi bú mi, òótọ́ sì ni.

"Dókítà rẹ tó wà ní Ìgàndó yẹn," ó ní, "ṣé ó mọ èjí là?"

Báyìí ni ẹnu tí Ìgàndó kò tó fún ṣe wọ Ìgàndó. Ó dé ìbòmú, ó wọ dígí dúdú, ó sì so gèlè bí ẹni tí wọ́n ń wá, tó fi jẹ́ pé gbogbo àwọn tó wà nídìí nọ́ńbà páálí ló ń wò ó. Dókítà gbé e sórí àga, ó tan iná sí i lẹ́nu, ó sì fi dígí kékeré wò ó lókè àti nísàlẹ̀.

"Iṣẹ́ wọn mọ́, Màmá," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ẹni tó ṣe é mọ̀ ọ́n ṣe. Èwo ló ń dùn yín tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ fi lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ lápá òsì.

"Ìyẹn ńkọ́, ṣó ti fi yín sílẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo òrùlé. "Ó ṣì ń dùn mí," ó ní.

Mo fi ìborùn bo ẹnu. Dókítà kò rẹ́rìn-ín, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé wọ́n ti fi eyín tuntun dé eyín náà lórí bí ènìyàn ṣe ń dé fìlà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀, nídìí gbòǹgbò, ni àìsàn wà, fìlà kì í sì í wo ẹsẹ̀ sàn. Ó ní òun yóò tọ́jú ìyẹn ná. Ó fún un ní abẹ́rẹ́, ó sì ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀sán kan, lójú ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà kọjá lọ sọ́jà.

Nígbà tó kan èjí, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Kí wọ́n tó lè dé ti tuntun, wọ́n ti gé eyín yín gan-an kéré, Màmá. Èjí tí wọ́n bí mọ́ yín ti lọ, kò sí dókítà tó lè dá a padà, níbí tàbí lọ́hùn-ún. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n tú méjì iwájú, kí n fi òmíràn tó tín-ín-rín díẹ̀ rọ́pò wọn, kí àlàfo lè wà láàárín. Ṣùgbọ́n èjí àfọwọ́ṣe ni. Tí a bá sì ń tú u, ó lè pa eyín tó wà nísàlẹ̀ lára. N ò fẹ́ kẹ́ ẹ bi mí lọ́la pé kí ló dé tí mi ò sọ."

"Ta ló máa mọ̀ pé àfọwọ́ṣe ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í, ìdajì ẹnu rẹ̀ ti kú, itọ́ sì ń bọ́ sí i láyà.

"Ta lẹ fẹ́ kó rí i?"

"Ìyá mi."

"Ṣé wọ́n ṣì ń ríran?"

Èmi ni mo dáhùn. "Wọ́n ṣì ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́, mà."

Dókítà ní ká lọ rò ó. Ó mú ọjọ́ fún wa.

Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú kò jẹ́ kó lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá mi wálé. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ó ṣì jókòó sórí ẹní. Ó na ọwọ́, ó tọ́ka sí iwájú ara rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ wá jókòó síbí. Ẹ bọ́ nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé èmi kọ́.

"Ẹ má wò ó, kò sọ nǹkan kan fún mi," ni Màámi wí. "Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ pè mí lẹ́yìn tẹ́ ẹ dé ni mo ti mọ̀. Ìyá mi kò lè pe sùúrù láyé kó má súfèé díẹ̀ láàárín eyín, ẹ̀yin náà kò sì lè pè é. Mo gbọ́ yín lórí fóònù, ohùn yín mọ́ tónítóní. Mo ní háà, wọ́n ti pa fèrèsé dé."

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ìbòmú. Ó ṣí ẹnu, ẹnu sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí abẹ́rẹ́. Màámi di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì fi àtàǹpàkò kan ibi tí èjí wà tẹ́lẹ̀. Ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ mi ń fi ẹ̀rọ gé táìsì ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ó mọ́," ni Màámi wí. "Bíi tánganran."

Ni ẹ̀gbọ́n mi bá bú sẹ́kún. "Màámi, ẹ má bínú. Mo ti dí ìyá yín lẹ́nu."

Màámi fi etí ìborùn nu itọ́ àti omijé kúrò lójú rẹ̀ papọ̀, kò yà wọ́n sọ́tọ̀. "Ẹ gbọ́, Ìyá mi. Ẹ lọ sí ọ̀run, ẹ padà wá bá mi. Ṣé Tọ́kì ni ẹ kò wá ní lè ti bọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, apá kan ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, èkejì dúró. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi pa ẹ̀rọ, ó yọ orí wọlé láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Màámi ní kí ẹ̀gbọ́n mi má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi irin kàn án lẹ́nu mọ́, eyín tó ti rin ìrìn àjò tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ náà ni, òun kò ní padà sí Ìgàndó nítorí ìyẹn mọ́. Nígbà tó ń lọ, ó ju ìbòmú sínú garawa ìdọ̀tí níwájú ilé, ó sì ṣí ẹnu rẹ̀ tuntun kí gbogbo àwọn tó jókòó síta, láti ojúlé wa títí dé ìkóríta. Ọkọ mi ló sìn ín lọ.

Mo ń ká ẹní. Màámi kò tíì dìde lórí àga tí mo gbé e sí, ó di tẹ̀sùbáà rẹ̀ mú, kò sì kà á. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi gbà jáde.

"Dókítà tẹ́ ẹ lọ bá," ó ní, "ṣó ní ó ṣeé là?"

"Ó ṣeé là, mà. Ó ní àfọwọ́ṣe ni yóò jẹ́, ó sì léwu díẹ̀."

Ó gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Àfọwọ́ṣe náà, ṣé á máa súfèé?"

"N kò bi í, mà."

"Bá mi bi í lọ́la," ni Màámi wí. "Tó bá máa súfèé, kó rọra là á, díẹ̀ báyìí, kí n lè máa gbọ́ ìyá mi. Má sọ fún Ìyá mi pé èmi ni mo rán ẹ o."